Wọ́n Pàṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, Wọn Kò Kọ́ Olùkọ́

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ̀yin ará oko, ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ní oṣù Bélú 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Wọ́n wọ́gi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí á fi èdè ìyá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó dáa. Olùkọ́ tí yóò ṣe é dà?

Mo dé ilé ìwé kan láìpẹ́ yìí. Ọmọbìnrin Kanuri kan jókòó sẹ́yìn pátápátá. Boko Haram ló lé wọn kúrò ní Borno. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tísà ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó rò pé wọ́n fẹ́ na òun ni. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mi ò dá tísà náà lẹ́bi o. Ó ní, "Bọ̀dá, gbogbo ọdún mẹ́ta tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ báyìí."

Iṣẹ́ ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí ó sá ogun lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí etí rẹ̀ máa kó ọ̀rọ̀ jọ. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á pè é ní olódo, á fi pàṣán kún un. Èyí tí a kọ́ yóò gbé nǹkan sókè kí ó tó dárúkọ rẹ̀, yóò wá ẹni tó gbọ́ èdè ọmọ náà jókòó tì í. Ìkíni Kanuri méjì péré lẹ́nu tísà, ara ọmọ á balẹ̀.

Wọn kò lè ní àwọn kò mọ̀. Láti 1970, ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí ọmọ tí ó wà nílé bàbá rẹ̀ bá nílò olùkọ́ àkànṣe, ti ọmọ tí wọ́n sun ilé rẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ yìí kún iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, kí wọ́n pe àwọn tísà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jọ nígbà ọlidé, kí wọ́n sì sanwó ọkọ̀ wọn. Owó tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò ara wọn sára àpò ìrẹsì tó o ṣe. Bí wọ́n bá gbé àpò náà dé ojúlé yín, owó yín ni wọ́n fi rà á. Kí wọ́n tó lọ, ẹ ní kí wọ́n bá yín dé ẹ̀yìn kíláàsì, ibi tí ọmọ náà jókòó sí.