Àyẹ̀wò Tí Kò Parí Kì Í Ṣe Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò àti gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìrìn nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé, ṣùgbọ́n ó kan àpò olúkúlùkù wa. Ọ̀rọ̀ ìkànnì ẹ̀ka wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Lórí ìkànnì yìí ni orúkọ wa wà, àti nọ́ńbà fóònù wa, àti àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa. Ẹ̀sùn tí àwọn kan nínú wa fi kan ọ̀gá wọn wà níbẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì tí a ń san owó ìrànlọ́wọ́ sí náà wà níbẹ̀. Bí olè bá ráyè wọlé, ó lè pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ kí ó fi tirẹ̀ rọ́pò, owó opó àti owó aláìsàn yóò sì gba ibòmíràn lọ. Bí ìwé ẹ̀sùn bá bọ́ sọ́wọ́ máníjà, ẹ mọ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ dá dúró níbi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí ó ń wo fáìlì kọ̀ọ̀kan lóru, bí ọdẹ ṣe ń yí ọgbà ká. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, àyẹ̀wò náà ń kú sí agbede méjì. Ohun tí ó ń kọ jáde ni pé mẹ́mórì tí a fún òun, báìtì 134217728, ti tán. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà gígùn yẹn dẹ́rù bà yín. Mẹ́gábáìtì kan jẹ́ báìtì 1,048,576. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 128, iye yẹn gan-an ni yóò jáde. Mẹ́gábáìtì 128 ni PHP, èdè tí wọ́n fi kọ WordPress tí ìkànnì wa ń lò, máa ń fúnni bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, èrò mẹ́ta ló jáde. Àwọn kan ní kí a pa ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà, kí ariwo rẹ̀ lè dákẹ́. Àwọn mìíràn ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti rí olè kan títí ó fi dúró, a jẹ́ pé kò sí olè. Àwọn kẹta ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó ìkànnì ni kò mọ iṣẹ́. Àwa kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti èrò kìíní, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó lé ọdẹ lọ nítorí pé ọdẹ ń pariwo kò tíì lé olè.

Ní ti èkejì, ẹ̀yin awakọ̀, bí àwọn VIO bá yẹ bíréèkì ọkọ̀ wò, tí òjò dé, tí wọ́n sì sá lọ láì wo táyà, ṣé ẹ ó sọ pé ọkọ̀ náà yege? Ohun tí a mọ̀ kò ju bíréèkì lọ. Ẹ rántí ìdánwò JAMB ti ọdún 2025. Nígbà tí èsì kọ́kọ́ jáde nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n ní àwọn ọmọ tí kò gba tó máàkì 200 lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bú àwọn ọmọ pé wọn kò kàwé. Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, fi omijé sọ fún gbogbo ayé pé àṣìṣe ti wà lórí sáfà àwọn ibì kan. Àwọn ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 206,610 nínú wọn sì wà ní Èkó wa yìí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré ni ẹ̀rọ ṣe é fún, ṣùgbọ́n fún àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rọ ló kùnà, ọmọ ni a nà. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pé, kí a má kà á sí òótọ́.

Ní ti ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí ojú tì wá. Kí ni mẹ́mórì? Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ mọ sítọ́ọ̀, ẹ sì mọ tábìlì iṣẹ́. Dísíìkì ni sítọ́ọ̀, níbi tí ẹrù ń sùn sí. Mẹ́mórì ni tábìlì tí a ń gbé ẹrù lé nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí tábìlì bá kéré, tí a sì ní kí fítà tú ẹ́ńjìnnì lọ́rí sórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò wó lulẹ̀. Ṣé fítà la ó bú? Lójoojúmọ́ ni à ń béèrè ìbọ̀wọ́ àti bàtà ààbò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Ẹgbẹ́ tí ń béèrè irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ rán ọmọ tirẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀nà àtúnṣe kò ṣòro bí a bá tẹ̀ lé e létòlétò. Èkíní, kí a ka àkọsílẹ̀ àṣìṣe láti mọ fáìlì tí àyẹ̀wò ń kú sí. Bí ó bá jẹ́ ibì kan náà nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ ńlá ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kí a gbé e kúrò lọ sí ibòmíràn, nítorí ẹ̀dà tí ó ń gbé inú ilé kan náà yóò bá ilé jóná. Èkejì, kí a gbé mẹ́mórì sókè sí 256 nínú fáìlì wp-config.php. Bí ó bá tún kọ 134217728 jáde, a ó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí ó gba ìkànnì wa sórí sáfà rẹ̀ ló dí wa lọ́nà, àwọn la ó sì kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 268435456, a jẹ́ pé ààyè ti pọ̀ sí i, ohun kan ló ń jẹ ẹ́ tán. Nígbà náà, kí a dá àwọn plugin dúró lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mọ èyí tí ó jẹ̀bi.

Ohun méjì ni kí a má ṣe. Kí a má ní kí wọ́n mú òdiwọ̀n kúrò pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ ìkànnì ló jọ wà lórí sáfà kan, bí èrò inú dánfó. Bí ẹnì kan bá gba gbogbo ìjókòó, ọkọ̀ kò ní gbéra. Kí a má sì ní kí àyẹ̀wò fo fódà àwòrán kọjá kí ó lè tètè parí, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn olè fẹ́ràn láti fara pamọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé a kéré jù fún olè. Ní ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, àwọn kan já wọ ìkànnì INEC fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ni àwọn olè wọ̀nyí fi ń wá ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, wọn kì í béèrè ẹni tí ó nilé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òfin náà sì wà: òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sọ pé bí ọwọ́ olè bá tẹ dátà àwọn ènìyàn tí ó sì lè ṣe wọ́n níbi, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tí ìjọba yàn létí láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ kì í parí, nígbà wo ni yóò mọ̀?

Nítorí náà, ohun tí a ó gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò nìyí, a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ dìbò fún un. Kí a yọ owó nínú owó ẹgbẹ́ láti ra ààyè mẹ́mórì tí ó tó, kí a sì ka rìsíìtì rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Kí ó jẹ́ ènìyàn méjì tí a dìbò yàn ni yóò mọ páswọ́ọ̀dù, kí a sì yí i padà bí ẹnì kan bá fi ipò sílẹ̀. Kí a rán ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ kọ́ṣẹ́ sí i, kí a sì máa fún un ní owó ọkọ̀ rẹ̀. Lóṣooṣù, kí akọ̀wé sọ ọjọ́ tí àyẹ̀wò parí fún wa, kì í ṣe ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó wa kò pọ̀. Òótọ́ ni. Nítorí pé kò pọ̀ ni kò fi yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún olè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá sí ìpàdé o.