Ta Ló Ń Ran Àwọn Ọmọ Lọ́wọ́?

Bí ará Navy Town lọ́nà Àgbádárìgì bá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ìjọba Èkó ní ní Yaba, àdúgbò á ti dájọ́: "Ó lọ ju ìyá ẹ̀ nù!" Wọn ò mọ̀ pé màmá ti ń ṣílẹ̀kùn jáde lóru, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, iṣẹ́ alẹ́ sì lọmọ ń ṣe.

Àbẹ̀wò sọ́dọ̀ màmá wá di ogun. Òkòkòmáìkò ni wọ́n ṣètò pé ojú irin aláwọ̀ búlúù (Blue Line) ti Èkó yóò dé, àmọ́ apá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló mọ. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ ilá dání láti Òjó á kọ́kọ́ jẹ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì. Kó tó dé Yaba, ọbẹ̀ ti tutù.

Òfin wá ń kọ́? Abala 16 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ní kí ìjọba ṣètò ìtọ́jú fún arúgbó. Abala 6 ní ẹnikẹ́ni ò lè torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọgbọ́n lọ́yà! Òfin ọdún 2017 tún dá àjọ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, àwọn ọmọ nílò òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú tí yóò máa pè wọ́n lórí fóònù, tí yóò sọ bí màmá ṣe sùn, bó ṣe jẹun, tí kò sì ní bú wọn. Bọ́ọ̀sì kan láti Ìyànà-Ìbà lọ sí Yaba lọ́jọ́ Àìkú ò sì ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ.