Ìdíje kungfu l'Óṣòdì àti Ìsọlọ̀: ẹgbẹ́ ni kí oníṣòwò náwó lé lórí

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bí àwọn ọmọ Èkó ṣe fẹ́ràn ìjà ilẹ̀ Ṣáínà tó, kó bi àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún l'Óṣòdì àti Ìsọlọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1989, nígbà tí ilé sinimá ṣì pọ̀ l'Ékòó, fíìmù India àti ti Ṣáínà ló ń kó èrò jọ. Ọdún 1973 ni Bruce Lee kú, ọdún yẹn náà ni fíìmù rẹ̀, Enter the Dragon, jáde, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọmọ àdúgbò. Ọmọ tó bá ti ilé sinimá bọ̀, ẹsẹ̀ ló máa ń jù sókè títí délé. Onísinimá jèrè, ẹni tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà náà jèrè. Ọmọ tó ń ju ẹsẹ̀ sókè nìkan ni ò rí nǹkan kan mú bọ̀ nídìí ẹ̀.

Ìfẹ́ yẹn ò tíì kú. Ohun tó kù ni kí àwọn oníṣòwò kéékèèké tó wà l'Óṣòdì, Ìsọlọ̀, Máfolúkù, Ṣógunlé àti Èjìgbò kó ara wọn jọ, kí wọ́n máa ṣe ìdíje kungfu lọ́dọọdún, àdúgbò sí àdúgbò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní sàráà. Òwò ni, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹgbẹ́ ni kí wọ́n náwó lé lórí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọmọ kan bá dá jà, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ márùn-ún bá wọ aṣọ tí wọ́n kọ Máfolúkù sí, Máfolúkù ló máa tú jáde, àwọn tó ń tú jáde yìí ló sì ń ra omi, oúnjẹ àti káàdì fóònù. Ilé iṣẹ́ Nestlé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà n'Ílúpéjú tí kò jìnnà s'Óṣòdì, mọ àṣírí yìí. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Milo ṣe ìdíje basketball fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ tó gbá a lọ́dún yẹn ti di bàbá àti ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ Milo ṣì wà lára ìdíje náà.

Èkejì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára wọn mọ. Wushu, orúkọ tí wọ́n ń pe eré ìdárayá yìí káàkiri àgbáyé, pín sí ọ̀nà méjì. Taolu ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí adájọ́ ń fún wọn ní máàkì, ẹnì kan lè ṣe é, ọ̀pọ̀ èèyàn sì lè jọ ṣe é pọ̀. Sanda ni ìjà gan-an. Sanda gba owó: orí pèpéle tó fẹ̀ ní mítà 8 sí mítà 8 ni wọ́n ti ń jà á, oníjà sì gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, akoto àti ohun tó ń dáàbò bo àyà. Fún ọdún kìíní, taolu ti tó. Kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, bí wọ́n bá sì rí kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ńkọ́? Bí ogún oníṣòwò bá dá ẹgbẹ̀rún 25 náírà kọ̀ọ̀kan, ìdajì mílíọ̀nù náírà nìyẹn. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí i. Télọ̀ lè ra aṣọ l'ọ́jà Aswani tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó fi rán aṣọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ náà. Onítẹ̀wé á ṣe pátákó, ẹni tó ń yáni ní àga àti kánópì á gbé tirẹ̀ wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àmọ́ ibi tí irú nǹkan báyìí ti máa ń dàrú náà ni owó. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí wọ́n sì ka ìṣirò náà sétí gbogbo àwọn tó dáwó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ìdíje bá parí. Ẹni tí kò bá rí ìṣirò ọdún yìí, kò ní dáwó lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwọn kan á ní kíkọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níjà l'Óṣòdì dà bí ìgbà tí èèyàn bu epo síná. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń jù nù. Ìdí nìyẹn tí ìdíje náà fi gbọ́dọ̀ ní òfin: kóòṣì tí wọ́n mọ̀, ìwé àṣẹ láti ọwọ́ òbí, nọ́ọ̀sì lórí pápá, àti pé ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bá jà níta, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Èyí tún wà lára àǹfààní ẹgbẹ́: ọmọ tó mọ̀ pé ìwà òun lè ba iṣẹ́ àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n sì kọ̀wé sí káńsù àti àgọ́ ọlọ́pàá kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n má sì ṣe é sójú títì. Àwọn tí ìjọba wó ṣọ́ọ̀bù wọn l'Óṣòdì ní oṣù kìíní ọdún 2009 mọ ohun tí ojú títì máa ń fà.

Àwọn mìíràn á béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe gídígbò tiwa. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ará Ṣáínà ṣe. Wọ́n fún ìjà àwọn baba ńlá wọn ní òfin, adájọ́ àti máàkì. Ọdún 1990 ni wọ́n dá àjọ wushu àgbáyé sílẹ̀ ní Beijing, ọdún 1991 ni ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé níbẹ̀, wushu sì ti wọ inú ìdíje Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣètò sí Dakar, ní Senegal, fún ọdún 2026. Gídígbò ò rí ẹni ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn oníṣòwò tó bá fi kungfu kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìdíje, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó àti bí wọ́n ṣe ń pe èrò, àwọn náà ni yóò lè gbé gídígbò sórí kápẹ́ẹ̀tì kan náà lọ́dún kejì.

Oníṣòwò tó ń dúró de ilé iṣẹ́ ńlá kó wá ṣe é, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá náà ni wọn yóò kọ sára ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kékeré lónìí, tirẹ̀ ni wọn yóò kọ.