Ẹ má fi bọ́ọ̀lù dán jíjẹ́ Yorùbá wa wò

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá láti oṣù kẹwàá ọdún 2025. A kọ́kọ́ dákẹ́, a ní kí ara ó tutù ná. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Lọ́jọ́ kan, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ á tún pàdé lórí pápá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nísinsìnyí tí ojú kò tíì pọ́n.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí. Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ní Uyo, Bẹ̀nẹ̀ ló wà lókè tábìlì nínú ìsọ̀rí C, pẹ̀lú póìntì 17. Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún oníkálukú. Bí Bẹ̀nẹ̀ bá borí, ó ti dé Ife Àgbáyé nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ti Nàìjíríà, àfi kí ó borí, kí ó sì tún máa gbàdúrà kí Gúúsù Áfíríkà má borí Rùwáńdà.

Ní ọjọ́ mẹ́rin tó ṣáájú, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Alafiarou. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ igi, lórí ọ̀kadà, gbogbo ènìyàn di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹnìkan á ní, «Ẹ rántí Abidjan, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024! Nàìjíríà ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié fi orí rẹ̀ lélẹ̀, ó di 2 sí 1.» Ẹlòmíràn á dáhùn, «Ṣé ẹ ti gbàgbé Uyo, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà? Lookman jẹ méjì, Osimhen jẹ ọ̀kan, 3 sí òdo.» Ẹni kẹta á ní nínú oṣù kọkànlá, ọ̀mì ni wọ́n ta, 1 sí 1. Bí a ṣe ń ka ti àwọn kan, bẹ́ẹ̀ là ń ka ti àwọn kejì.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Kí ènìyàn ṣírò póìntì, kí ó sọ ẹni tí yóò ṣọ́ Osimhen, kí ó fi ewúrẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bó bá wù ú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí pápá tó wọ inú ilé wa ni a fẹ́ sọ.

Ohùn méjì ló dìde. Ohùn kìn-ín-ní wá láti òdìkejì bodè, láti ẹnu àwọn ará wa: «Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, báwo lẹ ṣe lè máa gbè sẹ́yìn àwọn elédè Faransé lójú àwa ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ̀jẹ̀ dà?» Ohùn kejì wá láti inú ilé, láti ẹnu àwọn tí a jọ jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀: «Ẹ̀yin Nàgó, a mọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ bá ń pariwo Guépards, ọkàn yín wà ní Nàìjíríà.» Àwọn kan ní a ti di Faransé, àwọn kan ní a kò tíì di ọmọ Bẹ̀nẹ̀. A wà láàárín bí ẹni tí òjò bá ní oríta.

Nínú kíláàsì wa, ọmọ kan wà tí ìyá rẹ̀ wá láti ìhà Ṣakí. Ọmọ ọdún 11 ni. Ní ọjọ́ tó ṣáájú bọ́ọ̀lù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un dìde dúró kí a tó wọlé, wọ́n ní kí ó sọ níwájú gbogbo wọn ibi tó ń ṣe. Ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé àwọn ìyá rẹ̀. A bá wọn wí, wọ́n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Kò sí nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn. Lẹ́nu àwa àgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ohùn ti òdìkejì bodè lóhùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n fa ìlà láti etí òkun lọ sókè. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ṣábẹ̀ẹ́ náà bọ́ síbẹ̀. Wọn kò bi Alákétu, wọn kò bi Ọba Ṣábẹ̀ẹ́. Àwa tí ẹ ń bi léèrè ẹ̀jẹ̀ yìí, Faransé la fi kọ́ ìṣirò, òun náà la fi kọ́ ìtàn, òun la sì fi ń kọ́ni títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wa bá wa wí, èdè wa ló fi bá wa wí. Faransé wà lẹ́nu wa bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wà lẹ́nu yín. Odùduwà kò sọ ìkankan nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi bọ́ọ̀lù wá ẹ̀jẹ̀, ẹ wo àwọn tó ń gbá a. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, ní Kigali, ta ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tó gbé Bẹ̀nẹ̀ dé póìntì 17? Tosin Aiyegun ni. Èkó ni wọ́n ti bí i! Ẹ wo Junior Olaitan tó ń wọ aṣọ Bẹ̀nẹ̀: ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, ṣé ó yẹ ká túmọ̀ orúkọ yẹn fún un? Ẹ wo Ademola Lookman tó jẹ́ akọni Nàìjíríà: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ó sì ti bá àwọn ọ̀dọ́ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba Ife Àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ 20 lọ, ní ọdún 2017. Gernot Rohr ńkọ́? Jámánì ni wọ́n bí i sí. Láti 2016 dé 2021, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà; ó mú wọn lọ sí Rọ́ṣíà ní 2018, wọ́n sì ṣe ipò kẹta ní Ife Áfíríkà ní 2019. Ní 2023, ó wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbà kí ó kọjá láti apá kan sí èkejì, ó sì ń jẹun rẹ̀. Ṣé àwa tí bodè bá nílé, tí a kò rin ìrìn kankan, ni a óò wá máa rojọ́?

Ẹ jẹ́ ká yíjú sí ohùn ti inú ilé. A jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, a kì í ṣe àlejò. Tchaourou tí a wà lábẹ́ rẹ̀ ni Boni Yayi ti wá, ẹni tó ṣe Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí láti 2006 dé 2016. Kí ni a tún kù tí a óò mú wá kí ẹ tó gbà pé ilé la wà?

Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú wa fẹ́ràn Super Eagles. A kò ní purọ́. Ọmọdé la wà ní 1994 nígbà tí Rashidi Yekini jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé, tó di àwọ̀n mú, tó ń sunkún ayọ̀. Nígbà yẹn, Bẹ̀nẹ̀ kò tíì dé Ife Áfíríkà rí. 2004 ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ta la ò bá máa pariwo orúkọ rẹ̀? Ìfẹ́ tí ọmọdé fi wo ilé ẹ̀gbọ́n kò sọ ọ́ di ọ̀tá ilé ara rẹ̀.

A kò sì ní fi ẹ̀bi tiwa pamọ́. Nígbà tí Nàìjíríà ń ti Gúúsù Áfíríkà bọ̀, gíláàsì iwájú ọkọ̀ òfurufú wọn sán, wọ́n ní láti balẹ̀ ní Luanda. Àwọn kan láàárín wa gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àmì rere ni fún wa. Ẹ̀yin ará, ènìyàn ló wà nínú ọkọ̀ yẹn! Ẹni tó bá fi ewu ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣe àwàdà bọ́ọ̀lù, kò ní ẹnu tí yóò fi bá ará òdìkejì wí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe parí. Osimhen jẹ mẹ́ta, Onyeka jẹ ọ̀kan, 4 sí òdo. Gúúsù Áfíríkà fi 3 sí òdo lu Rùwáńdà, ó gba ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú póìntì 18. Nàìjíríà parí sí 17, Bẹ̀nẹ̀ náà parí sí 17. Àwọn ará wa fi 4 bú wa fún oṣù kan gbáko. Nínú oṣù kọkànlá, ní Mòrókò, Nàìjíríà na Gàbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n Kóńgò Kinshasa fi pẹnáritì lé wọn padà sílé. Ó wá kan àwọn tiwa láti máa jó. Ẹ̀gbọ́n kò lọ, àbúrò kò lọ. Èébú nìkan ló kù nílẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: «Olùkọ́, eré la ń ṣe.» Rárá o. Bí o bá ní adènà wa jẹ́ apẹ̀rẹ̀, eré nìyẹn. Àwa náà á wá ohun tí a óò sọ sí tìrẹ. Bí o bá bi wá pé ẹ̀jẹ̀ dà, tàbí o ní ká máa lọ sílé, o ti kúrò nídìí eré. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà gba ọwọ́ ara wọn, wọ́n wọkọ̀ lọ. Àwa la kù tí a óò jọ ná ọjà, tí a óò jọ sìnkú, tí a óò jọ fẹ́ ọmọ ara wa.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ pàdé, ẹ sọ ti bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wù ú ṣe Guépards, kí ẹni tó wù ú ṣe Super Eagles, kí ẹni tó wù ú ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá bi ẹlòmíràn léèrè ẹ̀jẹ̀, ẹ dá a dúró níbẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tiyín.

Ọmọ tí wọ́n mú dìde yẹn ṣì wà ní kíláàsì wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún bi í, ohun tí a fẹ́ kí ó lè sọ láìbẹ̀rù ni pé: «Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń ṣe, Nàìjíríà, ilé ìyá mi ni.» Kí ó wá jókòó, kí a sì máa bá ìṣirò wa lọ.

Ẹ sọ èrò yín sísàlẹ̀. Ẹ bá wa jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Láti Alafiarou, ìlú tí a ń gbọ́ àláfíà nínú orúkọ rẹ̀, a kí yín o. Ire.