Ta Ló Yan Kánsẹ́lọ̀ Wa?

Ọ̀rọ̀ tó fa ariwo ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, tí alága fi ní kí olúkúlùkù máa lọ sílé, ni mo fẹ́ padà sí. Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, dìde, ó ní òun fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù òun nígbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá tún dé níhìn-ín ní Ìbàdàn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí akápò yọ owó fún un nínú owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa. Ẹlòmíràn fò dìde pé owó òun kò ní bá ti òṣèlú lọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi fara mọ́ Ìyá Ìbejì. N kò fara mọ́ ẹni tó ní kí a yọ owó ẹgbẹ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín kò béèrè ohun tó gbé obìnrin náà dìde. Ilé ìgbẹ̀bí kan wà ní àdúgbò rẹ̀ tí kò ní omi. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láti ilé. Ìyá Ìbejì àti àwọn obìnrin òpópónà rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra táǹkì, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká owó kànga ẹ̀rọ. Ó wá di pé kí ó máa ti ibi iṣẹ́ òru bọ́, láìsùn, kí ó gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Ó lọ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kí ó kọ ìwé wá. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò rí ìwé náà mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé kan gbójú sókè wò ó, ó ní, “Màmá, ta ló rán yín?” Ó sọ fún mi pé ìbéèrè yẹn ni òun gbé sùn lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó jí, ó ní òun yóò lọ wá ẹni tí yóò rán òun.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, ojú pópó àdúgbò àti gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀, kí ó sì tún lọ́wọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí dáadáa. Ìyàwó gómìnà kì í bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí yẹn, sẹ́nétọ̀ kì í fi ẹsẹ̀ gba ojú gọ́tà yẹn kọjá. Àwa ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún dájọ́ pé owó tó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 kò gbọdọ̀ dúró lọ́wọ́ gómìnà mọ́, kí ó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn nìkan ni kí ó rí i gbà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ìdájọ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ipò kánsẹ́lọ̀ jẹ́ ìdí àkàrà lásán, kí ó tún un rò.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú wa, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, jáde fún ipò kan náà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí n kò ní dárúkọ. A pariwo fún un. A rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá; ó wù mí kí n gbàgbé ańkárá yẹn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣì fi í ṣe aṣọ ìdáná. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ mú olùdíje ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ tò sẹ́yìn ẹni tí ó bá fẹ́. A tó ọgọ́ta tó jáde láti iléeṣẹ́, nínú aṣọ tuntun wa, à ń kọrin. Akọ̀wé wọ́ọ̀dù ṣí ìwé orúkọ rẹ̀, ó ní kí ẹni tó ní káàdì ẹgbẹ́ bọ́ síwájú. Nínú àwa ọgọ́ta, ẹni mẹ́rin ló ní káàdì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ wọ́ọ̀dù mìíràn. Àwa yòókù dúró lẹ́yìn okùn, à ń wòran.

Ọkùnrin tó borí kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lé díẹ̀ ní ogójì: awakọ̀, alápatà, ìyá alákàrà méjì, bàbá kan tó ń ta ìwé tẹ́tẹ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní káàdì, wọ́n sì ti ń jókòó sí ìpàdé wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a ti ń padà sílé, a ń sọ pé wọ́n yí ìbò. Wọn kò yí ìbò kankan. A kò sí nínú ìwé ni.

Ọ̀gbẹ́ni náà kò jáde mọ́, àwa náà kò sì béèrè. Lẹ́ẹ̀kan péré! Ẹ gbọ́ ti Lula ní orílẹ̀-èdè Brazil, òṣìṣẹ́ irin tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin ní São Bernardo. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní 1980. Ó du ipò gómìnà ní 1982, ó fìdí rẹmi. Ó du ipò ààrẹ ní 1989, ní 1994 àti ní 1998, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 2002 ló tó wọlé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tú ká.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí Ìyá Ìbejì kò dá dúró láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Òfin wa kò gbà á. Ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè fa olùdíje kalẹ̀. Lábẹ́ òfin ìdìbò ti 2022, ọ̀nà tí ẹgbẹ́ lè gbà mú un kò ju mẹ́ta lọ: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí aṣojú dìbò fún wọn, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ẹni tó ní káàdì tó sì ń wá sí ìpàdé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ẹ tún wo bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti rí láyìíká wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní Ọ̀yọ́ nígbà náà kó ipò alága 33, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ní Ògùn, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀ kó gbogbo 20. Ní Oǹdó, ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, gbogbo 18. Ní Èkó, ní oṣù Keje 2025, gbogbo 57, tí a bá ka àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tó borí ní Ọ̀yọ́ kì í ṣe èyí tó borí ní Ògùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí bú ẹgbẹ́ kan. Àwọn àjọ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń ṣètò ìdìbò yìí, ojú gbogbo wa sì ríran. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọjọ́ tí a ń tẹ̀ka kọ́ ni wọ́n ń yan kánsẹ́lọ̀. Wọ́n ti yàn án tán ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, níbi tí ènìyàn bí ogójì jókòó sí lábẹ́ igi, àwa sì wà lẹ́nu iṣẹ́, à ń sọ pé ìdọ̀tí ni òṣèlú.

A ti gbìyànjú láti ní ẹgbẹ́ òṣèlú tiwa náà. Àjọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, NLC, ló dá èyí tó di Labour Party sílẹ̀ ní 2002. Dókítà Mimiko fi orúkọ rẹ̀ di gómìnà Oǹdó ní 2009, ó sì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 2014. Ní ìdìbò ààrẹ 2023, òun ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní Èkó. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà ní Àbújá láti fi ẹ̀hónú hàn, bí ìgbà tí onílé ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tí ayálégbé kò sì ṣí i. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé a fi orúkọ wa sí ojú pátákó, a kò fi ara wa sí wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ipò òfo níbẹ̀ ló jókòó sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin tó ní kí akápò yọ owó ẹgbẹ́ fún Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé inú rere ló mú yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó lòdì sí òfin lẹ fẹ́ kí akápò ṣe yìí. Abala 221 nínú ìwé òfin sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹgbẹ́ kankan, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú, tó gbọdọ̀ tọrọ ìbò fún olùdíje tàbí kí ó dá owó sí ìnáwó ìdìbò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá irú èyí pàdé rí. Akọ̀wé ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀, Osborne, pe ẹgbẹ́ ara rẹ̀ lẹ́jọ́ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ná owó òun lórí òṣèlú, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 1909. Àwọn yòókù kò jókòó sunkún. Wọ́n jà títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí san owó oṣù fún àwọn aṣòfin ní 1911, kí tálákà náà lè ṣe é. Ní 1913 wọ́n gba òfin tó ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè ya àpò kan sọ́tọ̀ fún òṣèlú bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá dìbò sí i, kí ẹni tí kò bá fẹ́ má sì san án. Àwa kò tíì ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Títí di ìgbà náà, olúkúlùkù lè mú nínú àpò ara rẹ̀, ní orúkọ ara rẹ̀, kí ó fún ẹni tí ó bá wù ú. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í.

Ó sì tọ́ kí a dá sí i, nítorí ọjà ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ti sọ fọ́ọ̀mù dà. Ní 2022, fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní Àbújá jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, mílíọ̀nù 10 fún ilé aṣojú-ṣòfin, mílíọ̀nù 100 fún ipò ààrẹ. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà, bí kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò sanwó ilé, yóò fi ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ san ti ìpínlẹ̀. Ti ilé aṣojú-ṣòfin yóò gbà á tó ọdún 27 àti oṣù mẹ́sàn-án. Ti ààrẹ yóò gba ju ọdún 277 lọ, a kò sì tíì lẹ pósítà kan ṣoṣo. Ti kánsẹ́lọ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan a sì máa dín in kù fún obìnrin. Ibi tí apá wa lè ká nìyẹn.

Àwọn kan bi mí pé, bí ó bá wọlé, ṣé kò ní gbàgbé wa. Bóyá yóò gbàgbé, n kò lè búra fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ni yóò jẹ́, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ wa. Bí omi bá dé ilé ìgbẹ̀bí yẹn, èmi ti gba ohun tí mo dá owó sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní wọ́ọ̀dù Ìyá Ìbejì, tó sì fara mọ́ ẹgbẹ́ tó wà, kí ó lọ gba káàdì nísinsìnyí, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò tò sórí ìlà. Àárọ̀ Sátidé ni ìpàdé wọn, iṣẹ́ òru ọjọ́ Jímọ̀ ló sì ń di Ìyá Ìbejì lọ́wọ́; ẹni tó bá lè bá a gba òru kan lóṣù, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka. Àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn, kí a lọ sí tiwa. Èmi ti gba káàdì ní tèmi, ó sì tì mí lójú pé ó pẹ́ tó báyìí. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, àwa mọ́kànlélógún la wà níbẹ̀. Mo wò yíká bóyá n ó rí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìntì, ó sì bi mí pé níbo ni àwa yòókù wà.