Mọ́tò àtijọ́ kì í ṣe báńkì fún ẹni tó ń fi owó ọjà jẹun

Ọjọ́ Sátidé tí ìgbéyàwó bá pọ̀ ní Súrùlérè ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ kan á kọjá, wọ́n ti fọ̀ ọ́ tó ń dán, wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú, ọkọ àti ìyàwó jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á dìde wò ó. Á rántí Pijó 504 tí bàbá rẹ̀ ní, tàbí Ìjàpá tí tíṣà wọn máa ń gbé wá sí ilé-ìwé. Á rántí pẹ̀lú pé òun gbọ́ ọ pé wọ́n ta Mercedes àtijọ́ kan lókè òkun ní owó tó lè kọ́ àdúgbò kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń ronú pé dípò kí owó òun máa wà nínú ọjà tí kì í yá, òun ì bá fi ra V-Boot tàbí 504 tó ṣì dúró dáadáa, kí òun gbé e pamọ́ kó máa gbówó lérí.

Ìròyìn tó gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz ta ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 1955, èyí tí wọ́n ń pè ní 300 SLR Uhlenhaut Coupé, ní mílíọ̀nù 135 owó Yúróò ní ìlú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ní 2018, wọ́n ta Ferrari 250 GTO kan ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 48.4 dọ́là. Àmọ́ ìdajì ìròyìn nìyẹn. Méjì péré ni wọ́n ṣe nínú irú Mercedes yẹn láyé yìí. Ferrari náà kò ju 36 lọ. Pijó 504 ńkọ́? Èyí tí wọ́n ti ṣe kárí ayé lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, Kàdúná wà lára ibi tí wọ́n ti ń tò ó láti 1975. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, lé ní mílíọ̀nù 21 kárí ayé kí wọ́n tó ṣe ìkẹyìn rẹ̀ ní Mexico ní oṣù keje ọdún 2003. Ohun tó pọ̀ tó báyẹn kì í ṣàdédé di wúrà nítorí pé ó ti pẹ́. Ferrari gan-an kò fìgbà gbogbo gòkè: owó wọn fò sókè títí di 1989, nígbà tó sì máa fi di ọdún mélòó kan sí i, ó ti já wálẹ̀, ẹni tó fi owó yá rà á rí màbo.

Wọ́n á ní kò burú, kó má di ti Ferrari, ṣùgbọ́n V-Boot tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù kan lánàá, mílíọ̀nù méjì ni wọ́n ń pè é lónìí. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀tàn wà, ó sì yẹ kí oníṣòwò fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan fi mílíọ̀nù kan náírà ra mọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦470 lọ́jà ìjọba. Owó tó kó sílẹ̀ lé ní dọ́là 2,100. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti ju ₦1,500 lọ. Ká wá ní ó ta mọ́tò náà nígbà yẹn ní mílíọ̀nù méjì gééré. Á máa yọ̀ pé òun ti sọ owó òun di ìlọ́po méjì. Mílíọ̀nù méjì yẹn kò ju dọ́là 1,300 lọ. Kì í ṣe pé mọ́tò gòkè, náírà ló wálẹ̀, ó sì gbé díẹ̀ lára owó rẹ̀ lọ.

Ẹlòmíì á dáhùn pé owó tó wà nínú ọjà náà kò mórí bọ́ nígbà yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà ń yí. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ká ní ó ń jèrè ₦50,000 péré lórí mílíọ̀nù kan ní gbogbo ìgbà tó bá kó ọjà tó sì tà á tán. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, ₦500,000 ti wọlé, bí dọ́là bá sì gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iye tó ń pe ọjà á gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Mọ́tò tó wà lábẹ́ tapólì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í mú owó wá lóṣù, kì í san owó ilé-ìwé, ọjọ́ tí ọmọ bá sì ṣàìsàn lóru, kò sí ẹni tó máa tà á kó rí iye tó fẹ́ gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Góòlù tí ìyá ń tọ́jú sínú àpótí sàn jù ú lọ ní ti èyí.

Kò tán síbẹ̀, nítorí mọ́tò àtijọ́ ń jẹun. Kí ẹni tó bá ń ronú láti rà á kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan rìn yí ká ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin. Kó má ra nǹkan kan, kó kàn máa béèrè. Kó béèrè kabúrétọ̀ 504 tó jẹ́ ojúlówó, kó béèrè gíláàsì iwájú Ìjàpá, kó béèrè iná ẹ̀yìn tí kò tíì sán. Á rí i pé ohun méjì ni wọ́n á máa fi hàn án: èyí tí wọ́n yọ lára mọ́tò tó ti kú, tí wọ́n á sì dárúkọ owó ńlá lé lórí nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí níbòmíì, àti ayédèrú tí kò ní lo oṣù mẹ́fà. Kó tó kúrò níbẹ̀, kó tún béèrè mẹkáníìkì tó mọ kabúrétọ̀ tún ṣe dáadáa. Àgbàlagbà ni wọ́n á júwe fún un. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọọ̀dù kó lè sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún wọn.

Ìpẹtà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ òkun Èkó kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ Ìjàpá a máa jẹ nígbà tí ara òkè ṣì ń dán, péńtà tó bá mọ iṣẹ́ sì lè fi pọ́tì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹni tó ń rà á kò ní mọ̀. Ilé tó ní gáréèjì kò pọ̀ ní Muṣin, títì ni ọ̀pọ̀ ń gbé ọkọ̀ sí, bí mọ́tò bá sì pẹ́ lójú kan jù, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lè wọ́ ọ lọ pé wọ́n ti pa á tì. Ìnṣọ́ránsì tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní, èyí tó kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti oṣù kìíní 2023, ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bá ṣe lọ́ṣẹ́ ló wà fún. Bí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ bá jóná, kọ́bọ̀ kan kò ní tibẹ̀ wọlé. Ti epo bẹńtiróòlù kò gba àlàyé, ẹni tó ra lítà kan ní ₦488 ní Èkó ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò, mọ bó ṣe rí.

Síbẹ̀, àwọn kan ń jẹun lára mọ́tò àtijọ́ ní Mainland, àwọn yẹn ló sì yẹ kí oníṣòwò wò dípò olówó Jámánì. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹni tó ń tú òkú mọ́tò ní Ládípọ̀ tó ń tà á ní ẹyọ ẹyọ, ìlẹ̀kùn lọ́tọ̀, sítíárì lọ́tọ̀, ń rí owó rẹ̀ gbà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fi V-Boot gbé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ń gba owó lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, bó bá ti lè rí i dájú pé kò ní dákú mọ́ ìyàwó nínú sábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà wà ńbẹ̀, Súrùlérè sì ni ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ìgbà tí iṣẹ́ fíìmù àgbéléwò ti gbilẹ̀. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan ṣe October 1 ní 2014, ọdún 1960 ni ìtàn rẹ̀ wà. Ayinla tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021, ti Àyìnlá Ọmọwúrà tó kú ní 1980 ni. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè fi Corolla ṣe é. Ẹni tó ní mọ́tò tó ń rìn, tó ní ìwé, tó sì ní awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà, òwò lòun ń ṣe yẹn. Kó kọ iye tí mọ́tò ń mú wá lóṣù sílẹ̀, kó kọ iye tó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń ṣe fún ọjà yòókù.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kí èèyàn má ra ohun tó wù ú. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí èrè bá ti wọlé, tí ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé, tí ọjà kún àtẹ, tí ẹnì kan sì wá ra Ìjàpá nítorí pé ohùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ ń mú inú rẹ̀ dùn, ìgbádùn ara rẹ̀ ni, kó sì kà á mọ́ ìnáwó bí aṣọ ẹbí. Owó àjọ àti owó tó yá lọ́wọ́ báńkì ni kò gbọ́dọ̀ fi kàn án.

Ẹni tó bá sì máa rà á, ìwé ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo ara ọkọ̀. Kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì bá ìwé mu, nítorí ọ̀pọ̀ 504 ni wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí kó lè máa rìn, ẹni tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ kò sì ní san owó gidi lórí irú rẹ̀. Kó rántí pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá ní bàbá kan ló ra ọkọ̀ náà ní tuntun ní Èkó ní 1965, tí sítíárì sì wà lápá òsì, kó béèrè bó ṣe débẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn máa bá a gbé ọ̀kan gba ẹnubodè wá láti Kútọnu, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté nìkan ló kù.

Kó tún ro ti ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ òun lọ́la. Ìrántí ló ń mú kí 504 wu ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí lọ sílé ìyá àgbà nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ tí wọ́n bí ní Yábàá ní ọdún 2000 kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Bó bá lówó lọ́wọ́ tó sì ń wá mọ́tò ìgbà èwe rẹ̀, Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle ló máa béèrè, ìyẹn sì ṣì kún títì ní Ojúẹlẹ́gba títí di òní.