Ibi Tí Ajé Gúnlẹ̀ Sí
Èkó kò ṣe olú-ìlú Nàìjíríà mọ́ láti 1991, síbẹ̀ àrímáleèlọ ni. Sátidé tó kọjá, mo mú ọ̀rẹ́ mi méjì láti Ìbàdàn wo àwọn ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Ọmọ Àpápá ni mo pe ara mi fún wọn láti ọjọ́ yìí.

Wọ́n fẹ́ ra àǹkárá, a bá kọjá sí ọjà Boundary, l'Ájégúnlẹ̀. Ìyá aláṣọ kan rí mi, ó kígbe: “Ọmọ àdúgbò wa, ṣé o ti gbàgbé ilé ni?”

Ojú tì mí. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín: “Ṣebí níbí ni Samson Siasia ti kọ́ bọ́ọ̀lù? Kí lo wá ń fi pamọ́?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí.